Orúnkún Ilé-iṣẹ́

Ẹ̀rọ ló kọ ẹ̀bẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òfin ní ènìyàn gidi ló gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí Ibídùnní fi ṣẹ́kù sílé-iṣẹ́ iná, òun nìkan nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́rìnlélógún ti ń bẹ àwọn oníbàárà rí kí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà má bàa bàjẹ́, kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ wọn.

Lónìí, ó tún kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Láníhùn n'Ísẹ́yìn, ìgbà kẹfà lóṣù yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ilé-iṣẹ́ wa ń bẹ̀ yín nítorí iná yín tó ṣẹ́jú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ Ibídùnní bí aago ń tẹ́tí. "Ó ti tán" nìkan ló ń dúró dè. Bí bàbá bá ti sọ ọ́, ẹjọ́ parí nìyẹn, wọn kò sì ní í rán an wá mọ́ àfi bí bàbá bá tún fẹjọ́ sùn.

"Dìde, ọmọ mi, wá jókòó," ni bàbá wí. Ó ti bu ẹ̀pà sí abọ́ méjì dè é. "Iná kankan ò ṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti fẹjọ́ sùn, wọ́n á rán ènìyàn wá ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa fi irọ́ dá orúnkún ọmọ ọlọ́mọ lóró mọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́, kí o sinmi. Ó ti..."

Ibídùnní fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rọ náà kí ó má bàa gbọ́. Láti ọdún tó kọjá tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣófo, kò tíì sẹ́ni tó pè é lọ́mọ.

Ó tún kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ kọ́ ló kọ ẹ̀bẹ̀ náà fún un.

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ má tíì sọ ọ́."