Géètì Ìdàgbàsókè Ìkookò

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Òkété, tó ń ta èkùrọ́ bọ́ ọmọ mẹ́jọ. Ìkookò, olórí ọjà, ní kí oníkálukú bu ẹ̀kúnwọ́ èkùrọ́ kan lé owó orí rẹ̀, kí òun fi ṣe géètì ìdàgbàsókè. Bó ṣe ń gbà á ló ń sanra, ló ń kọrin:

“Ẹ fi kún un, ọjà á gbòòrò.”

Àwọn òǹtajà á gbè é: “Ikùn ta ló ń gbòòrò?”

Géètì parí, Ìkookò tì í. “Ẹ̀kúnwọ́ méjì lowó ìwọlé.”

Òkété ní, “Bàbá Ọlọ́jà, ṣebí èkùrọ́ wa lẹ fi ṣe é?”

“Ṣíṣe lẹ san. Ẹ ò tíì san wíwọlé.”

Òkété gbé igbá èkùrọ́ rẹ̀. Ẹnu ihò rẹ̀ ló lọ pàtẹ sí. Àwọn òǹtajà yòókù tẹ̀ lé e, oníbàárà tẹ̀ lé wọn.

Ìkookò nìkan ló kù lẹ́yìn géètì. Ó dá orin, kò rẹ́ni gbè é.