Iná Ajá Nílé Ológbò

Ológbò ni aránṣọ kan ń sìn. Kò fìgbà kan sin ajá rí. Ìyá Ológbò làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ológbò náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gá, torí pé orí aṣọ oníbàárà tó bá wọ́n jù ló máa ń sùn sí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá ń họra. Kò pẹ́ tí aránṣọ náà fi ń họ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Ó gbọn aṣọ ibùsùn, ohun dúdú kékeré kan sì ta pàrá, ó fò lọ sórí ògiri.

"Iná wà nílé mi o!" ló fi ké.

Ìyá àgbà ilé kejì gbé garawa omi sáré dé. Nígbà tí kò rí èéfín, ó sọ garawa kalẹ̀.

"Iná dà?"

"Iná ara ẹran ni, Mà. Èyí tó ń fò."

"O fẹ́ pa mí ni? O ò bá ti sọ pé kòkòrò ni, kí n rọra máa rìn bọ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ náà bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó se aṣọ ibùsùn nínú omi gbígbóná, ó gbé tìmùtìmù sóòrùn, ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá. Ó fi ìyàrí eléyín wẹ́wẹ́ ya irun Ọ̀gá, ohun tó bá sì bá ìyàrí jáde, inú omi ọṣẹ ló ń rì í sí. Ara tù wọ́n. Àmọ́ nígbà tí awakọ̀ tí òun àti aránṣọ jọ ń gbé dé láti ìrìn àjò, tó sùn, tó jí, ìyọnu náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ẹrù ni awakọ̀ náà ń wà. Ó lè lo ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá wà nílé, òun ló ń pọn omi, òun ló ń fi epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilé tó ń kọ́ ló ní ó fa òun sẹ́yìn. Tó bá ti parí, òun á mú aránṣọ lọ kí àwọn òbí òun.

Nígbà tó rí aránṣọ tó ń họ ẹsẹ̀, ó tú báàgì rẹ̀, ó mú ìgò oògùn kan jáde.

"Kán èyí sí Ọ̀gá lẹ́yìn ọrùn. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Mo rà á lọ́nà ni."

Wọ́n ti ṣí ìgò náà, oògùn inú rẹ̀ sì ti dín. Ọ̀gá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sá wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Aránṣọ náà gbé òun àti ìgò lọ bá dókítà ẹranko.

Dókítà ka ara ìgò. "Ṣé ẹ ti kán an sí i lára?"

"Rárá, sà."

"Ẹ dúpẹ́. Oògùn ajá nìyí. Ohun tó ń wo ajá sàn lè pa ológbò. Ṣé ẹ lájá nílé ni?"

"A ò ní. Ọkọ mi ló rà á."

Dókítà fi oògùn ológbò sí Ọ̀gá lára. Ó ní kí aránṣọ má dẹwọ́ ilé gbígbá, torí pé ẹyin tó wà nílẹ̀ á ṣì máa pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

"Bó bá tún yọjú lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ń gbé e wọlé. Ó máa ń rọ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ẹ ò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí? Iná ò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò tán léèékánná."

Ìrìn àjò awakọ̀ pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kó tó dé, ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́, Ọ̀gá ń sùn láìhọra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, aránṣọ náà mú ṣòkòtò tó bọ́ sílẹ̀, ó tú ìṣẹ́po ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Méjì fò jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rán apá aṣọ oníbàárà sódì. Ìyá àgbà bi í pé kí ló dé.

"Iná yẹn náà ni, Mà."

"Ara Ọ̀gá ṣáà ti yá."

Ìgbà yẹn ni aránṣọ náà sunkún, tó sì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ìyá àgbà fi etí aṣọ nù ún lójú. "Má tíì jà. Kọ́kọ́ fojú ara rẹ rí i ná."

Nígbà tí awakọ̀ tún dágbére, aránṣọ náà háyà alùpùpù, ó ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Awakọ̀ ò gba ọ̀nà gáréèjì. Ó yà sí òpópónà kan tó dákẹ́, ó kan géètì kan. Ajá pupa kan fò mọ́ ọn lórúnkún, ó ń jùrù. Obìnrin kan jáde, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti géètì.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, aránṣọ náà ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó dúró dìgbà tó dá a lójú pé awakọ̀ ti wà lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ó wọ aṣọ tó dáa jù nínú èyí tó rán fún ara rẹ̀, ó sì lọ kan géètì náà.

Ọmọbìnrin kan tó ti ń bàlágà ló ṣílẹ̀kùn. Aránṣọ náà tẹjú mọ́ imú rẹ̀: imú awakọ̀ gan-an ni.

"Mọ́mì, ẹ lálejò o."

Obìnrin náà jáde wá. Aránṣọ náà ò jókòó.

"Ọdún mẹ́ta nìyí tí èmi àti ọkọ mi ti jọ ń gbé. Mo wá bẹ̀ yín ni, kí ọ̀rọ̀ yìí má di ariwo. Ẹ fi ọkọ ọlọ́kọ sílẹ̀."

Obìnrin náà ò bínú. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ bu omi tútù wá, ó sì fi ẹsẹ̀ lé ajá jáde.

"Jókòó, àbúrò mi," ló wí, ó fa àga sún mọ́ ọn, "ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti fẹ́ ẹ, irun ológbò tí mò ń ṣà lára ṣòkòtò rẹ̀ ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé o wà níbì kan."