Páálí Tó Fúyẹ́

Páálí káàdì méjì ni ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ káàdì fi ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń wo káàdì fún àwọn ènìyàn. Káàdì tárò ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wo bí ọ̀la ènìyàn yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n ti ìgbàlódé lèyí: ọmọbìnrin orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n yà sí Oòrùn, ilé alájà púpọ̀ tó ń jóná ni wọ́n yà sí Ilé Wíwó, Ikú sì jẹ́ àga òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní kó lo páálí kan nílé fún ọ̀ràn ara rẹ̀, kó lo èkejì níbi iṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, kó wá sọ ibi tó ti wúlò jù fún àwọn. Obìnrin náà ti pẹ́ nídìí káàdì wíwò, ó sì máa ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó lè fi káàdì tan òun jẹ.

Níbi iṣẹ́, páálí náà ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe. Èyí tó dára ń jáde, burúkú náà ń jáde. Àmọ́ bó bá jẹ́ aláìsàn tàbí ará ilé aláìsàn ló ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ ṣa àwọn káàdì burúkú kúrò, yóò fi rọ́bà dè wọ́n, yóò fi áńkáṣíìfù funfun wé wọn, yóò sì tì wọ́n bọ àpò. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nígbà kan rí. Ó ní òkúta lòun ń ṣà kúrò nínú ìrẹsì, kí ẹni tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ má tún lọ fi eyín kan òkúta.

Ọkọ rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún aago ṣe, rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

"Jìbìtì gidi lò ń lù, Màmá Aláwòrán."

"Àánú ni, olówó orí mi."

Nílé, kò jẹ́ ṣa káàdì kankan kúrò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bá káàdì ilé sọ: ṣé ikọ́ ọkọ òun máa lọ? Ikọ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà dá lọ sílé ìwòsàn, ó kó oògùn dé, ó ní dókítà sọ pé òtútù lásán ni. Ọkàn ìyàwó rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní àfi bí káàdì bá gbe dókítà lẹ́sẹ̀.

"Gbé e wá kí n bá ọ pò ó," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Inú rẹ̀ dùn. Ọkùnrin tó ti ń fi káàdì ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn! Láti ìgbà náà, ọkọ ló ń tọ́jú páálí ilé, òun ló ń pò ó láràárọ̀, ìyàwó á sì fa ẹyọ kan. Oòrùn. Ìràwọ̀. Ife Mẹ́wàá. Káàdì ire nìkan ló ń jáde. Bó bá ti fà á tán, á jó díẹ̀ nínú ilé ìdáná, ọkọ á máa lu tábìlì fún un. Kò pẹ́ tí ìyàwó kò fi bi ọkọ mọ́ bóyá ó sùn dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin olùkọ́ kan já wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá olùkọ́ náà ń ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wá wo káàdì, dáadáa nìkan ló sì jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò jókòó.

"Màmá, ẹ ní kò séwu. Mo kó àwọn ọmọ iléèwé lọ ìrìn àjò. Òkú ni mo bá nílé."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣebí ọkàn rẹ balẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn?"

"Ta ló tọrọ ìbàlẹ̀ ọkàn lọ́wọ́ yín? Ǹ bá jókòó tì í! Ẹ jí àwọn ọjọ́ yẹn gbé mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Nígbà tó délé, ó fi ìbínú sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó ní aláìmoore ni olùkọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ń kó káàdì padà sínú páálí.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Màá dúpẹ́ ni."

"Ó dáa," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì pa páálí náà dé.

Nígbà tó yá, ìyàwó kọ èsì sí ilé iṣẹ́ náà. Ó ní káàdì náà kò burú fún oníbàárà, ṣùgbọ́n nílé, òun kò tíì rí káàdì tó lójú àánú tó báyìí rí. Ó fi kún un pé páálí ti ilé fúyẹ́ ju ti ibi iṣẹ́ lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ máa ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ọwọ́ àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ fi èsì náà ránṣẹ́, ọkọ rẹ̀ kò dìde. Orí ìbora ló ti po káàdì.

"Má lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Jókòó tì mí."

Ìyàwó fa ẹyọ kan. Ọmọbìnrin orí kẹ̀kẹ́ ni.

"Oòrùn rèé o! O kàn fẹ́ sọ mí di ọ̀lẹ ni. Àwọn oníbàárà ń dúró."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ káàdì náà. "Ó dáa," ló wí. "Ta ló máa bá káàdì jiyàn?"

Nígbà tó fi padà dé, ara ọkọ rẹ̀ ti tutù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé iṣẹ́ náà pè é lórí fóònù. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èsì tó fi ránṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀rọ kan náà ló tẹ páálí méjèèjì, ọ̀kan kò lè fúyẹ́ ju èkejì lọ. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó ka káàdì ilé, kò pé. Ó wo èyí tó kù: kò sí Ikú, kò sí Ilé Wíwó, kò sí burúkú kan níbẹ̀.

"Oníjìbìtì!" ló pariwo sínú fóònù. "Ǹ bá jókòó tì í! Ẹ jí ọjọ́ yẹn gbé mọ́ mi lọ́wọ́!"

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ wọlé wá gba kóòtù olóògbé, èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kó tó fún un, ó yẹ àpò kóòtù náà wò, ó fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ, ó tú u, ó sì bá ìdì káàdì kan tí wọ́n fi rọ́bà dè bí òun gan-an ṣe máa ń dè é, àga òfìfo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà lókè.