Ìgbín Tí Kò Ní Orúnkún

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi, kí ẹ sì múra ègbè! Ó dá lórí Ìgbín, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ẹranko igbó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń bá àwọn ẹranko ọ̀dàn figagbága, wọ́n ń fò ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n tí wọ́n so mọ́ igi. Òfin wọn ni pé bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣubú, ẹni tó rán an wọlé ni yóò rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, Àgbọ̀nrín fò, igbó mì tìtì! Lọ́jọ́ kejì, orúnkún rẹ̀ wú bí ọsàn. Ẹtu wà níjòókòó, ara rẹ̀ ń yá gágá láti wọlé, ṣùgbọ́n ariwo èrò ti dùn mọ́ Ìgbín ju oyin lọ. Ó wọ́ gba orí orúnkún náà kọjá, kí omi ara rẹ̀ lè tù ú.

"Ọmọ mi, tòní nìkan ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wí bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀nrín fi orin bẹ̀ ẹ́:

*Bàbá Ìgbín, orúnkún ń dùn mí o,*
— *Fò, tẹ̀rẹ́ fò!*
*Ẹ jẹ́ n sinmi, kí n lè fò lọ́la,*
— *Fò, tẹ̀rẹ́ fò!*

Orin náà dùn! Gbogbo èrò ń gbè é, wọ́n ń jó. Ìgbín fúnra rẹ̀ ń gbè é!

Àgbọ̀nrín fò. Orúnkún dún kẹ́kẹ́, ó ṣubú gbàgà.

Ọ̀mì ni, ó sì ku bọ́ọ̀lù kan péré. Gbogbo ojú yí sí Ìgbín.

"*Fò, tẹ̀rẹ́ fò!*"

Ìgbín wo agbọ̀n lókè, ó wolẹ̀. "Ṣé ẹ ò rí i pé n kò lẹ́sẹ̀ ni?"

Àgbọ̀nrín gbórí sókè nínú erùpẹ̀.

"Bàbá, tòní nìkan ni."