Mọ́tò Tí Yóò Gbé Ìyá Relé

Oṣù kẹfà rèé tí Màmá Fẹ̀yìntọlá ti wà ní Gwarinpa, níbi tó ti wá bá Rosemary ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí Ànú ti ń jókòó fúnra rẹ̀ láìṣubú, ìyá ní ó tó àkókò kí òun padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bánjọ, ọkọ Rosemary, ní àbùkù gbáà ni kí ìyá ìyàwó òun lọ wọ ọkọ̀ èrò ní Zuba. Mọ́tò òun ni yóò gbé e délé.

Ilé náà tura fún ìyá. Ohun kan ṣoṣo tó ń pa á lẹ́rìn-ín ni pé òun ni wọ́n sọ di ìránṣẹ́. Bí wọ́n bá jókòó sídìí oúnjẹ, Bánjọ á ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ìyá Ànú pé mo máa pẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́la." Rosemary, tí ìgbúnwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ọkọ rẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ sọ fún bàbá Ànú pé mo ti gbọ́." Ìyá gbà pé ọ̀wọ̀ òun ni wọ́n ń ṣe, pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í tàkúrọ̀sọ níwájú àgbà. Ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, ó sì máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bánjọ fọ mọ́tò, ó rọ epo kún un. Rosemary ra ẹja gbígbẹ ní Kado, ó sì dì í sẹ́yìn mọ́tò. Ìyá wo bí wọ́n ṣe ń kánjú, kò sì dùn mọ́ ọn nínú tó bó ṣe yẹ.

Lówùúrọ̀ Sátidé, mọ́tò kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Gafar, ará Ìlọrin tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe lẹ́bàá géètì. Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárìn, ó ń wo ojú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún ìyá pé ẹ́ńjìnnì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, jíà ní tirẹ̀, bíréèkì ní tirẹ̀, wọ́n sì ń ránṣẹ́ síra wọn lórí wáyà méjì.

"Ti ẹ́ńjìnnì ń pe ti jíà, mà, ti jíà ò dáhùn. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà o, wọn ò kàn bára wọn sọ̀rọ̀ ni."

Ìyá nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Gafar fa orí wáyà kan jáde lábẹ́ ìjókòó. Ó fi han àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹnu rẹ̀ kó tó lè já, ó nu ìdọ̀tí inú rẹ̀, ó sì dá a padà. Oòrùn ti ga nígbà náà. Wọ́n sún ìrìn àjò sí Sátidé kejì.

Lọ́jọ́ náà, mọ́tò tún kọ̀. Orí wáyà kọ̀ǹpútà bíréèkì, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ló ti já. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, méjèèjì ló já. Gafar kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n rọra yọ ti abẹ́ ìjókòó ni, ṣùgbọ́n wọ́n fa ti iwájú tipátipá, ẹnu rẹ̀ sì ti sán.

"Ọwọ́ èèyàn ni, ẹ̀yin ará ilé," ló wí.

Bánjọ wo ìyá. Rosemary náà wo ìyá.

Ìyá mọ ohun tí wíwò náà ń sọ. Láti orí Ọbayẹmí, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ìdílé wọn tó jókòó sílé àna títí wọ́n fi rò pé kò fẹ́ lọ mọ́. Ó wọ yàrá, ó di ẹrù, ó ní Zuba lòun ń lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bánjọ tẹ̀ lé e wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, èmi ni mo yọ ti abẹ́ ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ, ẹ má sì sọ fún ìyá Ànú."

Ìyá bi í léèrè ti iwájú. Ó ní ọwọ́ òun kò kan ìyẹn rárá.

Ìyá kò tíì mọ ohun tí yóò rò tó fi wọ ilé ìdáná lọ bu omi mu, ibẹ̀ sì ni Rosemary ti pa ilẹ̀kùn dé mọ́ àwọn méjèèjì, tó kúnlẹ̀, tó sì ní, "Màmá, èmi ni mo fa ti iwájú. Kí ẹ tó dé, odindi oṣù mẹ́fà la ò fi bára wa sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un."