Ẹ́ńjìnnì Bàbá Ògúntóyè Kò Húkọ́ Mọ́

Ní ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi kéde pé láti Ọjọ́bọ̀, ẹ́ńjìnnì tó bá ń da epo sómi kò ní wọ omi dáàmù mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ògúntóyè gbé tiẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ayọ̀nitèmi.

Àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ni Ayọ̀nitèmi kọ́kọ́ kọ́ ní Ìwó. Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà pọ̀ jù, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sétí dáàmù lọ́nà Olúpọ̀nnà. Ó ń tú, ó ń dè, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ti ọkọ̀ ojú omi náà.

Ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà. Abdulqowiyy, alága ẹgbẹ́, jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Bàbá, ẹ ò tíì dé àárín omi tí a ti ń gbọ́ ikọ́ yín," ni Abdulqowiyy wí. "Gbogbo ẹja dáàmù ló ti mọ̀ ọ́n."

"Kì í ṣe ẹja nìkan ló mọ̀ ọ́n," ni Bàbá Ògúntóyè fèsì.

Ayọ̀nitèmi gbé ẹ́ńjìnnì náà kọ́ etí dúrọ́ọ̀mù omi, ó fa okùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́, ó tu èéfín, ó tún húkọ́. Kò pẹ́ tí ojú omi inú dúrọ́ọ̀mù fi ń dán bí òṣùmàrè. Ayọ̀nitèmi ti ìka bọ̀ ọ́, ó nà án sí bàbá náà.

"Ẹ wò ó, sà. Ojú ìdáná méjì ni ẹ́ńjìnnì yìí ní, ọ̀kan péré ló ń jó epo. Epo tí èkejì ò jó, inú omi ló ń lọ. Omi yìí náà la sì ń mu. Agolo ọ́ìlì mélòó lẹ ń pò mọ́ kẹ́ẹ̀gì epo kan?"

"Mẹ́ta."

"Agolo mílíìkì mẹ́ta? Ṣé ẹ fẹ́ din àkàrà ni?"

Abdulqowiyy rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́ẹ̀ há a lọ́fun.

"Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ́ wa ṣe ń pò ó," ni bàbá náà wí. "Ọdún mọ́kànlélógún, kò dákú sójú omi rí."

"Ọ̀kan àti díẹ̀ ti tó o, bàbá. Ìyá ńkọ́? Ó pẹ́ tí a ti rí wọn níbí."

"Ó wà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

Ní Ọjọ́rú, Ayọ̀nitèmi tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó fọ kábúrétọ̀, ó sì da epo ìdọ̀tí sínú kẹ́ẹ̀gì dípò kó dà á sílẹ̀. Bàbá Ògúntóyè jókòó tì í láti àárọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ò lè dí ibi tó ti ń jò nìkan? Kí o fi ikọ́ yẹn sílẹ̀ fún un."

Ayọ̀nitèmi rẹ́rìn-ín. "Ikọ́ yẹn gan-an ni àìsàn ẹ̀, sà. Bó bá ń húkọ́, epo á máa dà."

"Kò sọ́gbọ́n tí a lè dá sí i?"

"Kò sí, sà."

Bàbá náà fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. "Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọ omi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà ilẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ yín."

Bàbá náà wo òdìkejì omi, níbi tí ilé rẹ̀ wà. "Ó dáa. Ṣe é."

Ní Ọjọ́bọ̀, Abdulqowiyy mú aṣọ funfun kan wá. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń kùn wẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abdulqowiyy tẹ́ aṣọ náà sójú omi, ó fà á jáde, kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá Ògúntóyè ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

"Ẹ wo bàbá," ni Abdulqowiyy wí. "Ayọ̀ ti pa wọ́n."

Nírọ̀lẹ́, Ayọ̀nitèmi bá Bàbá Ògúntóyè wọ ọkọ̀, kó lè gbọ́ bí iṣẹ́ òun ṣe ń sáré lórí omi. Ó ń wẹ̀yìn, omi mọ́ rekete. Wọ́n kọjá lára lékeléke kan létí koríko, kò tilẹ̀ fò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí èbúté òdìkejì ku díẹ̀, Bàbá Ògúntóyè yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni fẹ́ kó pariwo. Ẹ́ńjìnnì náà kàn ń kùn ni.

Ìyá Àtọ́kẹ́, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi, ó wé gèlè, ó kọjú sí wọn. Bí ọkọ̀ ṣe gúnlẹ̀, ó dìde, ó yára rìn wá bá wọn bí ẹni tí ẹsẹ̀ kò dùn rí. Ayọ̀nitèmi kúnlẹ̀. Ìyá náà wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì wo omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá," ni ó wí, ó sì yíkàá fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò pàdé ọkọ mi lójú omi, torí ojú mi ò dá èèyàn mọ̀ mọ́, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá ń húkọ́ bọ̀ nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé òun ló dé."