Oorun Tí Apenisa Tọrọ

Apenisa, atukọ̀ abúlé wa ní etíkun erékùṣù Ovalau, kò ní ju àléébù kan lọ: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé nǹkan ń ṣe òun. Èèyàn dáadáa ni. Ọkùnrin ràbàtà ni, ẹ̀rín rẹ̀ a máa dé ilé kejì, ìhanrun rẹ̀ a sì dé ilé kẹta. Òun ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì gbé àwọn ọmọ ilé ìwé wa kọjá omi, èmi olùkọ́ wọn a sì jókòó níwájú.

Mereani ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Ó ní bí ọkọ òun bá ń hanrun, èémí rẹ̀ a ṣàdédé dúró, a tún wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rì tó yọ. Ó mú un lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún un ní àpótí kékeré kan pé kó so ó mọ́ àyà sùn, kí àwọn lè mọ iye ìgbà tí èémí rẹ̀ ń dúró. Bí èsì kò bá dára, yóò máa fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn bo imú sùn, kò sì gbọdọ̀ tukọ̀ títí ìtọ́jú yóò fi bá a mu, kí oorun má baà gbé e lọ lórí omi.

Ọ̀rọ̀ yìí ba Apenisa lẹ́rù. "Bàbá mi hanrun títí ó fi darúgbó," ó ní. "Ta ló so àpótí mọ́ ọn láyà? Wọ́n kàn fẹ́ kí n máa fi rọ́bà bo imú sùn ni."

"Bàbá Lose, ẹ bi wọ́n léèrè nígbà náà," Mereani dáhùn.

Kò bi wọ́n. Ilé Kitione ló gbà lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tínrín bí okùn ìpẹja, tí kì í hanrun rárá. Lọ́dọ̀ wa, bí ìbátan rẹ bá sọ pé "kerekere", ohunkóhun tó bá tọrọ, o ò gbọdọ̀ kọ̀.

"Kerekere, Kiti. Fún mi ní oorun ọjọ́ kan."

"Oorun? O ti jẹ ẹlẹ́dẹ̀ mi, o ti gba àwọ̀n mi, ó wá ku oorun!"

"Ṣáà so àpótí yìí mọ́ àyà fún mi."

"Ìwọ àgbàyà yìí!" Kitione rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ àṣà ni àṣà. Ó gbà á.

Èsì dé, ó dára rèǹtè. Apenisa fi han gbogbo abúlé. Mereani wò ó, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí ẹni tó ń pirọrọ.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Apenisa kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, omi parọ́rọ́, Kitione bá wa wọ ọkọ̀. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, mo rò pé ẹ́ńjìnì ni, àṣé Apenisa ló ti sùn lọ tó ń hanrun. Kí n tó yíjú, a ti kọlu àpáta abẹ́ omi. Kitione fò mú Lose, ọmọ Apenisa fúnra rẹ̀, kó tó kó sómi, àpáta sì ya ẹsẹ̀ Kitione dé egungun. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sọ́mọ tó kú.

Apenisa sunkún, ó jẹ́wọ́ níwájú baálẹ̀. Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá so àpótí mọ́ àyà ara rẹ̀: ìgbà mọ́kànlélógójì ni èémí rẹ̀ ń dúró láàárín wákàtí kan. Ó ti ń fi ẹ̀rọ bo imú sùn báyìí, ojú rẹ̀ sì ti mọ́. Ṣùgbọ́n Kitione tó ń tiro ló ń tukọ̀ wa, Apenisa ló ń so okùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Kerekere, Kiti, jẹ́ kí n tù ú dé èbúté."

Kitione gbé ẹsẹ̀ lé pákó. "Dá ẹsẹ̀ mi padà ná."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí wọ́n kọ kerekere lábúlé wa. Àánú ọ̀rẹ́ mi ṣe mí. Ó tẹríba, ó ń so okùn rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, iyèméjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí àyẹ̀wò tàbí ẹ̀rọ kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ béèrè títí ọkàn yín yóò fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ara ẹlòmíràn dáhùn ohun tí wọ́n bi ara yín. Àìsàn là ń wò, a kò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Èèyàn lè tọrọ ẹja, ó lè tọrọ ẹní; oorun kò ṣeé tọrọ.